Wọ́n pè wá jẹun ọdún tuntun nílé àwọn ará Ṣáínà: kí ni ká mú dání?

Màmá Ìbejì (Manchester): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ọmọ Ṣáínà, ní kí èmi àti bàbá àwọn ọmọ kó àwọn ìbejì wá jẹun nílé òun lálẹ́ 16 oṣù Kejì 2026, torí 17 ni ọdún wọn. Mo ní aago ògiri kan tí mi ò tíì tú nínú páálí, ẹ̀bùn òde ni, àmọ́ kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ṣé mo lè gbé e lọ? Léèsì funfun la sì fẹ́ wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Croydon: Háà, Màmá Ìbejì! Ẹ jẹ́ kí aago yẹn jókòó sínú páálí rẹ̀. Létí wọn, kéèyàn fi aago ta ẹnì kan lọ́rẹ dún bíi kó wá sìnkú onítọ̀hún. Ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí náà kò dáa, wọ́n ní ó ń gé okùn ọ̀rẹ́. Funfun, ti ọ̀fọ̀ ni. Ẹ wọ pupa, ì báà ṣe gèlè àti fìlà nìkan.

Ọsàn tàbí táńjẹrín ni kẹ́ ẹ gbé dání, kó jẹ́ méjì-méjì, àmọ́ kó má jẹ́ mẹ́rin, torí mẹ́rin sún mọ́ ikú lẹ́nu wọn. Mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọwọ́ méjèèjì lẹ ó fi gbé e fún wọn.

Màmá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Owó inú àpòòwé pupa ńkọ́? Ṣé kí àwọn ọmọ gbà á?

Ọmọ Ìbàdàn (Birmingham): Kí wọ́n gbà á, mà, kẹ́yin náà fún àwọn ọmọ tiwọn. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó ló ń fún ọmọdé àti àpọ́n. Owó tuntun tí kò ká rárá ni, ẹ tètè lọ pààrọ̀ ní báńkì. £10 tó, £20 náà dáa. Ẹ má fi £40 síbẹ̀, ẹ má sì kó owó onírin sí i. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí i lójú ẹni tó fún wọn. Kì í ṣe òde wa tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ iwájú orí èèyàn lójú agbo.

Tí ẹja odindi bá dé orí tábìlì, orí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sí àgbà tàbí àlejò pàtàkì. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ ẹ́ tán, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ́kù lọ́dún tuntun. Ẹ má ri igi ìjẹun wọn mọ́ inú ìrẹsì lóòró o! Tùràrí tí wọ́n ń sun fún òkú ló jọ.

Bọ̀dá Houston: Àwọn ará Fiẹtnám ni aládùúgbò tèmi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe Tết, ọdún tuntun tiwọn. Ẹ má ṣe yà kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní láìjẹ́ pé wọ́n pè yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn ago méjìlá òru ló máa pinnu bí ọdún ṣe máa rí fún wọn, ni wọ́n ṣe ń wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa, tí ọdún ìbí rẹ̀ bá ti baálé mu. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í lọ rárá. Wọn ò sì ní gbálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n má gbá oríire dànù.

Àǹtí New Malden: Gbogbo wọn kọ́ lèèwọ̀ wọn dọ́gba o. Àwọn ará Kòríà ń fi owó ọmọ sínú àpòòwé funfun, kò sí ìjà níbẹ̀. Seollal lorúkọ ọdún tiwọn, ẹ má pè é ní ọdún Ṣáínà níwájú wọn! Àwọn ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á dorí kọlẹ̀ fún àgbà kí wọ́n tó gbowó, lẹ́yìn náà ọbẹ̀ tteokguk, tí wọ́n fi ìrẹsì gígún sè. Ẹni tó bá jẹ abọ́ kan, wọ́n ní ó ti fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ti Japan ti kúrò nínú èyí: láti 1873, 1 oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣe é.

Màmá Ìbejì: Ago mẹ́fà ni wọ́n ní ká wá. Ṣé tá a bá dé ní méje, kò burú?

Ẹ̀gbọ́n Croydon: Ó burú, màmá. Oúnjẹ ìpàdé ẹbí ni alẹ́ yẹn, wọ́n á dúró títí gbogbo èèyàn á fi pé kí wọ́n tó jẹun. Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ní mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún.