Ibi tí sáà gọ́ọ̀fù 2025 ti yí, àti ohun tí 2026 ń gbé bọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí èmi àti àbúrò mi bá ń ro sáà 2025 ti PGA Tour, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, pa dà, ẹ jẹ́ ká fi ife sílẹ̀ ná, ká wo bọ́ọ̀lù tó yí ìdíje. Lójú tèmi, ọwọ́ wedge (ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ìtòsí) àti putter (èyí tí wọ́n fi ń yí i wọ ihò) ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní par, iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọlé; ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló ń borí. Double bogey (méjì lé lórí par) mẹ́rin ni Rory McIlroy gbá ní Augusta, níbi tí wọ́n ti ń gbá Masters, kò sì sẹ́ni tó gbá iye bẹ́ẹ̀ tó tún gba Masters rí ṣáájú rẹ̀. Èyí tó dunni jù ni ti ihò 13 lọ́jọ́ Àìkú. Kò wá ewu kankan: ó rọra fi bọ́ọ̀lù kejì sílẹ̀ níwájú omi, ó ku wedge tí kò tó 100 yáàdì, apá òsì green (orí koríko rírẹ́ tí ihò wà) ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bọ́ọ̀lù yà sọ́tùn-ún, ó kó sómi.

Lórí 18, inú fairway (ọ̀nà koríko tó lọ sí green) ló wà, wedge rẹ̀ bọ́ sínú yanrìn, putt bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tún yẹ̀. Òun àti Justin Rose dọ́gba ní par dín 11. Wọ́n pa dà sórí 18 kan náà láti mọ ẹni tó borí, ó tún ku wedge fún McIlroy láti inú fairway. Lọ́tẹ̀ yìí bọ́ọ̀lù bà sí òkè ihò, ó yí pa dà wá sísàlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Birdie (ẹyọ kan dín sí par) ni, ó borí, Grand Slam rẹ̀ pé: ó ti gba gbogbo ìdíje ńlá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní major.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ pápá Oakmont ò gbè yín tán o. J.J. Spaun gbá 40 ní ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn US Open níbẹ̀, bogey (ẹyọ kan lé lórí par) márùn-ún nínú ihò mẹ́fà. Òjò dá eré dúró, nígbà tí wọ́n fi pa dà, ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀. Ihò 17 jẹ́ par 4 oníyáàdì 314 lọ́jọ́ náà. Driver, ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù, ló fi gbé bọ́ọ̀lù sórí green, putt méjì, birdie. Lẹ́yìn ìyẹn, putt méjì ti tó o lórí 18 láti borí. Ẹyọ kan ló fi parí rẹ̀, láti ẹsẹ̀ bàtà 64. Òun nìkan ló gbá ìdíje náà dín sí par, dín 1 péré.

Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ driver kò gbọdọ̀ fo Quail Hollow. Kí PGA Championship tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n yẹ driver wò, bóyá kò ta bọ́ọ̀lù ju bí òfin ṣe gbà lọ: ti McIlroy kò yege, ti Scottie Scheffler náà kò yege. Àwọn kan ń pariwo pé ìrẹ́jẹ ni. Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé wọ́n á de ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, irin kékeré kan tí wọ́n so rọ̀ á fì lu ojú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka bí irin náà ṣe pẹ́ tó lára ojú yẹn kó tó ta kúrò. Òfin gba 239 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n fi 18 lé e fún àṣìṣe ẹ̀rọ. Ó bá ti kọjá 257, kò lọ. Ilé iṣẹ́ máa ń ṣe é kó sún mọ́ òpin yẹn. Bí wọ́n bá wá ń fi agbára lù ú lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á máa rọ̀, á sì máa ta bọ́ọ̀lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Scheffler ti lo tirẹ̀ ju ọdún kan lọ. Nítorí náà, kí orí driver kejì wà nílẹ̀: loft (bí ojú rẹ̀ ṣe fì sẹ́yìn) kan náà, ọ̀pá gígùn kan náà, ìwúwo kan náà, kí wọ́n sì ti gbá a dáadáa ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ major. Ti Scheffler wà nílẹ̀, ó sì fi gbígbá márùn-ún borí ìdíje náà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣì fi ti putter Scheffler kún un. Ní 2023, ipò 162 ni Scheffler wà nínú putting lórí Tour. Ó mú Phil Kenyon ní olùkọ́, ní oṣù Kẹta 2024 ó bọ́ sórí irú putter tí wọ́n ń pè ní mallet. Ó parí ọdún náà ní ipò 77. Orí mallet fẹ̀, etí ni ìwúwo rẹ̀ wà, torí náà bí bọ́ọ̀lù kò bá bọ́ sí àárín gan-an, ojú rẹ̀ kì í yí púpọ̀. Lóṣù Kejìlá 2024 ló wá mú claw, ọ̀nà ìdì ọ̀pá mú kan níbi tí ọwọ́ ọ̀tún kì í ti di ọ̀pá mú típẹ́típẹ́. Putt tó súnmọ́ ló ń fi ṣe. Èyí tó jìnnà, ó ń di ọ̀pá mú bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń mọ bí ó ṣe yẹ kó le tó. Àwọn tó ń fara wé e máa ń gbàgbé apá kejì yìí, ni bọ́ọ̀lù wọn fi ń dúró lọ́nà.

Ti Tommy Fleetwood ní East Lake, níbi Tour Championship tó parí sáà, ẹ ti gbọ́ ọ tán: ìdíje rẹ̀ tó ṣe ìkẹrìnlélọ́gọ́jọ (164) lórí Tour ló tó gba àkọ́kọ́, pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé ọdún yẹn ni wọ́n yọ àǹfààní ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn tó ń ṣíwájú sáà máa ń ní kúrò, par ni gbogbo wọn ti gbéra.

Ní 2026, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ipò 101 ni kí ẹ fojú sí. Tẹ́lẹ̀, ẹni 125 tó ga jù ló ń mú káàdì tó ń jẹ́ kí wọ́n gbá lórí Tour. Ó ti di 100. Láti Korn Ferry Tour, ìdíje tó wà lábẹ́ PGA Tour, 30 ló ń gòkè. Ó ti di 20. Iye tó ń gbá ìdíje kan náà ti kúrò ní 156, kò gbọdọ̀ ju 144 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: 156 ní mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ ọ̀wọ́ 52, ihò 1 àti ihò 10 ni wọ́n ti ń gbéra, ìdajì láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án, ìyẹn ọ̀wọ́ 13 lórí tee (ibi ìgbéra) kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣẹ́jú 11 bá wà láàárín wọn, èyí tó gbẹ̀yìn á jáde lẹ́yìn wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú 12. Nígbà yẹn, àwọn tó kọ́kọ́ gbéra ní ihò 1 ti ń dé ihò 10. Wọ́n á dúró, ìdúró náà á máa ràn títí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ àwọn tó kẹ́yìn lórí pápá. Ọ̀wọ́ 12 ni ti 144. Ìṣẹ́jú 11 tó jáde yẹn ni àyè tí wọ́n ń wá.

* * *

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí The Sentry, ìdíje tó máa ń ṣí ọdún, ní 2026; Sony Open ni wọ́n fi ṣí i. Ṣùgbọ́n Shinnecock Hills, pápá US Open 2026, ni ojú mi wà, June 18 sí 21. Nígbà tí 2025 fi parí, US Open nìkan ló ku Scheffler kí Grand Slam tirẹ̀ pé, ọjọ́ tó kẹ́yìn ìdíje náà ló sì máa pé ọmọ 30 ọdún.

Atẹ́gùn ni ọ̀tá ibẹ̀. Ní 2004, wọ́n ní láti máa bu omi wọ́n green ihò 7 lọ́jọ́ Àìkú, torí bọ́ọ̀lù ò dúró. Ní 2018, oòrùn àti atẹ́gùn tún gbẹ àwọn green lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, USGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò US Open, fúnra wọn sì gbà pé ó ti kọjá bó ṣe yẹ. Daniel Berger àti Tony Finau tí wọ́n ti jìnnà sẹ́yìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbá 66. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì ti wà lára àwọn tó ń ṣíwájú. Brooks Koepka ló padà gbà á, par lé 1. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn bá dé, ẹ wo aago tí wọ́n gbéra kí ẹ tó wo iye tí wọ́n gbá.