"Olùrànlọ́wọ́ ìlera" kọ́ ni wọ́n: ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní abẹléwò

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Iléṣà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pè wọ́n ní "olùrànlọ́wọ́ ìlera". Ọkàn mi kò gbà á rárá.

Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló ń bá a ṣe. Ta wá ni oníṣẹ́ níbí? Àwọn wọ̀nyí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ṣèdánwò, wọ́n gbàwé ẹ̀rí. "Olùyọ̀ǹda ara ẹni" tí àbúrò kan dá lábàá tún burú ju ìyẹn lọ, torí ó ti ní kí wọ́n má retí owó. Ní 2018, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo wo ìyá kan lára wọn ní Òkèsà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọ lẹ́nu. Ó gbé kúlà kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ kúulé o." Ìyá ọmọ ní ọmọ ń sùn. Kò lọ, ó jókòó sórí àpótí, ó béèrè ikọ́ tó ń ṣe ọmọ náà níjọ́sí. Nígbà tí ọmọ jí, ó kán ẹ̀kán méjì sí i lẹ́nu, ó fi tàdáwà kun ìka ọmọńdinrín rẹ̀, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó gbé Áfíríkà dé oṣù Kẹjọ 2020, tí wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ wa.

Orúkọ tí mo mú wá ni abẹléwò: ẹni tó ń bẹ ilé wò, bí a ṣe ń bẹ aláìsàn wò. Àwọn bàbá wa ti ní wòlé-wòlé. Ilé náà ni, wíwò náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe ń sáré bo ìkòkò omi nígbà tó bá ń bọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù wà nínú orúkọ yẹn. Ẹlòmíì á ní etí lè gbọ́ abẹléwò bí ẹ̀bẹ̀. Kó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀bẹ̀ náà ni ìyá yẹn ń bẹ̀ lórí àpótí. Ṣebí Ìjẹ̀ṣà náà ló jẹ́ òṣómàáló, torí aláṣọ tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde?

Ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmèsí-Ilé, tí àwọn ìyá ń tọ́jú káàdì ìwọ̀n ọmọ fúnra wọn. Ayé mọ orúkọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n ńkọ́?

Ní ti àkọlé ìwé ẹ̀yẹ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ "ìdánimọ̀" tó wà níbẹ̀ kúrò. Gbogbo àdúgbò ló dá wọn mọ̀. Rírì wọn ni a kò tíì mọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ìwé Ìmọrírì fún Abẹléwò Ìlera", kí orúkọ ẹni náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́.