Báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ JSS 2 láti fi àmì sọ̀rọ̀ nínú àwòrán?

Olùkọ́Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí a bá ní kí àwọn ọmọ ya àmì tó dúró fún ìlú Ẹ̀pẹ́, ẹja ni gbogbo wọn ń yà, ìtumọ̀ kankan kò sí nínú rẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

Aláró: Ẹ fi àrokò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn fífi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí ẹ̀fà àti "fà" jọra létí. Mẹ́jọ ń pe "jọ" wá, pé èrò wa jọra. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ fún ọmọ méjìméjì, kí wọ́n ránṣẹ́ síra wọn láìlanu. Èyí tí ẹnìkejì kò bá lè túmọ̀, kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ má sọ pé "ẹ ya Ẹ̀pẹ́" mọ́. Ẹ ní "ẹ ya sùúrù". Ẹja á wá di àwọ̀n òfìfo, ọkọ̀ kékeré kan àti omi tó gbilẹ̀.

Ìyẹ́Adìẹ: Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí aṣọ àdìrẹ, ẹ̀kọ láfún ni ẹ ó fi ya àmì náà, kí aró má baà wọ ibi tó bò. Ẹ fi omi tútù po láfún kó tó kan iná, kó má baà ta kókó. Ẹ sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Bó bá ṣàn, ìlà á wọnú ara wọn. Bó bá nípọn jù, á sán nígbà tó bá gbẹ, aró á sì wọ ibẹ̀. Aró tútù ni o; gbígbóná á yọ́ ẹ̀kọ náà.

Olùkọ́Ẹ̀pẹ́: Àwọ̀ ńkọ́?

Aláró: Méjì tó. Kí ọmọ sọ ìdí tó fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan.