Ọkọ̀ tó ń gbà lónìí, tó ń kọ̀ lọ́la

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń ṣáná tó ń gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà á dé ibì kan, tí mo pa á, tí mo fẹ́ tún ṣáná lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, nígbà mìíràn kò ní gbà rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé e lọ sí gáréèjì, kò kọ̀ lójú wọn rí. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ rẹ̀. Lánàá ó tún dá èmi àtàwọn ọmọ dúró sójú ọ̀nà. Kí ni kí n ṣe?

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó kọ̀ ni ẹlẹ́rìí, mẹkáníìkì ò rí i. "Kò gbà" tẹ́ ẹ wí yẹn, nǹkan méjì ló lè jẹ́. Ṣé kíìkì, ìyẹn mọ́tò tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ò yí i rárá ni, àbí ó ń yí i ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò gbiná? Àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Mo ti pààrọ̀ kíìkì tí nǹkan kan ò ṣe rí. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, kíìkì tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ò yéé kọ̀. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀, mo gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí fóòtì (volt), mo fi ẹnu rẹ̀ kan kan orí dúdú bátìrì, mo fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó mọ́, mo wá ní kí ìyàwó mi ṣáná. Ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí òdo. Bó bá ti kọjá ìdajì fóòtì, ọ̀nà iná ti dí nìyẹn. Tèmi lé ní fóòtì kan. Wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ni. Ó dán lójú, àmọ́ nígbà tí mo bó rọ́bà rẹ̀ nítòsí ìdè, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló dà sí mi lọ́wọ́. Okùn bàbà inú rẹ̀ tí kò tíì jẹ ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ.

Bí kíìkì tiyín ò bá yí, ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, iná ò tó: bátìrì ti rẹ̀, tàbí orí rẹ̀ dẹ̀, tàbí ó ti hu funfun. Bátìrì tó yó, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti sinmi mọ́jú, máa ń wà ní fóòtì 12.6, bó bá jẹ́ 12.2, ó ti ku bí ìdajì. Nígbà tí kíìkì ń yí, kò yẹ kó wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí nǹkan bí 13.8 sí 14.5, bó bá ṣì jẹ́ 12, alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, ni kò bọ́ ọ.

Bó bá dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan péré, tí iná inú ọkọ̀ ò sì ṣú, kíìkì ni mo máa fura sí, tàbí wáyà tó lọ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìdí sípánà gbá a jẹ́jẹ́, á sì yí. Inú rẹ̀ ló ti jẹ o, gbígbá yẹn kì í wò ó sàn.

Bí kò bá dún rárá ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ọtomátíìkì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé jíà láti P (ibi ìdúró) sí N (ibi tí jíà kankan ò wọlé), kẹ́ ẹ tún ṣáná. Bó bá gbà ní N, súìṣì ìdí jíà ni. Ẹ tún wo àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ń ṣẹ́jú, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì dán an wò.

*

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tiẹ̀ fiyè sí i bóyá kíìkì ń yí, ọkàn mi ti dàrú nígbà yẹn. Màá ṣọ́ ọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Bí kíìkì bá ń yí dáadáa, ẹ pa rédíò àti fáànù, kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má ṣáná. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù, ẹ máa gbọ́ páńpù epo lọ́wọ́ ẹ̀yìn tó ń kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó gbà, tí ẹ ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó kọ̀, páńpù tàbí rílè rẹ̀, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un, ni kẹ́ ẹ wò. Ti rílè rọrùn: ẹ wá òmíràn nínú àpótí fíúùsì tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu gẹ́lẹ́, bíi ti họ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn.

*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ó tún kọ̀ lónìí, mo sì ti múra dè é. Kíìkì ń yí, kò rọ̀ rárá. Páńpù ń kùn. Mo ti wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kí n tó pa á. Mo jókòó fún ìdajì wákàtí, mo tún ṣáná, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Ẹ kú àkíyèsí! Ooru ló ń ṣe é. Sẹ́ńsọ̀ kíránkì ni màá kọ́kọ́ wò. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó ta iná àti ìgbà tó yẹ kó fọ́n epo. Wáyà tín-ínrín ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Bó bá ti gbó, ooru á mú kó já níbì kan lọ́hùn-ún, bó bá tutù á tún fara kanra.

Bó bá tún kọ̀, ẹ wo ọ̀pá tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí kíìkì ń yí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó gbéra díẹ̀. Bó bá sùn sórí òdo, sẹ́ńsọ̀ yẹn ò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń fi í hàn báyìí o, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rọ OBD, èyí tó ń ka kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi pa mọ́, kà á pẹ̀lú. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, àti ọkọ̀ pẹtiróòlù tuntun ní Yúróòpù láti 2001, ní ihò rẹ̀, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ awakọ̀ ló sì máa ń wà. P0335, kóòdù sẹ́ńsọ̀ kíránkì, lẹ ń wá. Bí kóòdù kankan ò bá jáde, sẹ́ńsọ̀ ò tíì bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ẹ wo RPM (iye ìyípo ẹ́ńjìnnì) lójú ẹ̀rọ náà bí kíìkì ṣe ń yí. Kí mẹkáníìkì sì yẹ wáyà rẹ̀ wò kó tó pààrọ̀ rẹ̀, torí ooru lè ti yọ́ rọ́bà ara wáyà yẹn.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ọ̀pá náà sùn sórí òdo, P0335 sì jáde. Mo ya fọ́tò méjèèjì, mo fi han mẹkáníìkì, kò bá mi jiyàn. Wáyà mọ́, sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ike ara rẹ̀ ti sán. Lánàá, nínú oòrùn, ibi mẹ́rin ni mo ti pa ọkọ̀ tí mo tún ṣáná. Àwọn ọmọ ń bá mi kà á lẹ́yìn: ó gbà, ó gbà, ó gbà, ó gbà.