Ọ̀dà Cerakote lára ìbọn ọdẹ: H ni àbí C?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ irin. Àkúrẹ́ ni mo wà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá mi ń gbé wọ igbó Ìdànrè, tó ní ìwé àṣẹ, ni ìpẹtà ti bò lóde. Mo fẹ́ fín Cerakote, ọ̀dà seramiki tí kì í jẹ́ kí irin tètè dípẹtà, sí i fúnra mi.

Oríṣi H le jù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà nínú ààrò, nǹkan bíi 120°C fún wákàtí méjì. Ẹ sáà mọ iná wa. Tí wọ́n bá mú un lọ láàárín, ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Ìyàwó mi sì ti búra pé ìbọn kò ní wọ ààrò tí òun fi ń yan kéèkì, ó sì jàre, oró ọ̀dà kì í ṣe ohun oúnjẹ. Oríṣi C ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́, ó kàn ń pẹ́ tó bí ọjọ́ márùn-ún kó tó le tán.

Mo mọ̀ pé acetone ni a fi ń fọ epo kúrò, pé ọ̀dà kò sì gbọdọ̀ wọ inú ihò ọta. Yanrìn aluminium oxide tó yẹ kí wọ́n fín sí irin kí ọ̀dà lè dì í mú ló ń dà mí láàmú. Sáńpépà nìkan ni àwọn tó ń kun mọ́tò níbí mọ̀. Ta ló ń fín in ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó? Òjé ni wọ́n sì fi lẹ ẹnu ìbọn méjèèjì pọ̀: ṣé ooru ààrò kò ní tú u?