Màrúwà kì í ṣe "máa rù wá": èsì sí ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ níjẹta ju ẹlòmíràn lọ, torí ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní "màrúwà" tí à ń pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, inú "máa rù wá" ló ti wá. Ẹ ní orúkọ ọkùnrin kan ni "ọ̀kadà". Ẹ wá fi ibẹ̀ parí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ara orúkọ ènìyàn wá kì í ṣe ojúlówó Yorùbá, kí á tètè ṣẹ̀dá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ forí jì mí, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí màrúwà lẹ́nu àwọn tó ń pe èrò ní Sábó, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn tó wà lórí sílébù àárín rẹ̀, "rú", ohùn òkè ni. "Rù" ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ló wà, kò sì sí ohun tó gbé e gòkè. Ẹ tún wo ìtumọ̀. Ẹrù la máa ń rù. Ènìyàn, ńṣe ni ọkọ̀ ń gbé e. Èrò wo ló máa dúró létí títì kó sọ fún onímọ́tò pé "ẹ rù mí dé Ìlọrin"? Bó bá jẹ́ pé àwa la sọ kẹ̀kẹ́ náà lórúkọ látinú iṣẹ́ tó ń ṣe, "máa gbé wa" ni ì bá jẹ́.

Buba Marwa, ológun tó ṣe ìjọba Èkó láti 1996 sí 1999, ni olórúkọ. Ìgbà tirẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò níbẹ̀, làwọn èèyàn bá fi orúkọ rẹ̀ pè é. Kọ́ńsónáǹtì méjì ló fara kọ́ra nínú orúkọ yẹn, "r" àti "w", ẹnu wa kò sì gba irú rẹ̀. Torí pé ètè ń ká roboto bá "w", fáwẹ́lì "u" ló wọlé sáàárín wọn, bó ṣe wọ àárín búrẹ́dì àti búrọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ èdè wa nìyẹn. Ẹnu Yorùbá ló tún orúkọ yẹn rọ.

Ti ọ̀kadà kò gùn. Okada jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ìlú Olóyè Igbinedion tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sílẹ̀. Ara ọkọ̀ òfuurufú ni orúkọ ti bọ́ sára alùpùpù. Kì í ṣe ènìyàn rárá.

Ó wá ku kókó ọ̀rọ̀ yín gan-an: ṣé orúkọ ènìyàn lè di ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá? Ìyá mi ta ẹ̀wà òun gààrí nígbà tí mo wà ní kékeré. Oníbàárà á ní kí wọ́n bu múrí méjì fún òun, ogójì náírà nìyẹn. Múrí mẹ́ta, ọgọ́ta. Kò sí ẹni tó ń rántí Ọ̀gágun Murtala Muhammed lẹ́nu owó ẹ̀wà. Wọ́n pa á ní 13 oṣù Èrèlé 1976, nígbà tó fi máa pé ọdún kan, wọ́n gbé owó ogún náírà tó ní àwòrán rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orúkọ náà ṣe rí ìjókòó nínú ìṣirò wa: ogójì fúnra rẹ̀, ogún méjì ni; ọgọ́ta, ogún mẹ́ta; ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọ̀nà ìkawó ti wà nílẹ̀ kí múrí tó dé. Ó kàn wọ inú rẹ̀ ni, ó sì bá a mu régí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ àyálò tó tún di ti wa ju èyí lọ.

Ohun tí mo fi ń dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ni pé: ṣé a ti ń fi pe ohun tí kì í ṣe ti olórúkọ? Julius Maggi, ará Switzerland, ló ni mágí. 1908 ni horo rẹ̀ jáde, ọkùnrin náà sì kú ní 1912. Lónìí, ẹ óò gbọ́ lọ́jà pé "ẹ fún mi ní mágí Knorr." Carl Heinrich Knorr tún nìyẹn, ará Jámánì. Orúkọ ènìyàn méjì wà nínú gbólóhùn kan, ẹni tó fẹ́ lọ se ọbẹ̀ kò sì mọ ìkankan nínú wọn. Bákan náà ni a ń sọ pé màrúwà TVS, a sì ti ní onímàrúwà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba "oní" mọ́ra bẹ́ẹ̀ ti di ọmọ ilé. Lẹ́tà kékeré ló yẹ ká fi máa kọ ọ́, ká sì fi àmì ohùn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni dísẹ̀lì, tó ti ara Rudolf Diesel bọ́ sára ẹ̀rọ tó ṣe, kó tó wá di orúkọ epo.

Ẹ dábàá "amọ́bẹ̀dùn" dípò mágí. Ó dùn létí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ń mú ọbẹ̀ dùn, iyọ̀ ń mú un dùn, edé náà ńkọ́? Bí mo bá rán ọmọ ní amọ́bẹ̀dùn, kí ló máa rà bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ìlú tí mo jókòó sí ńkọ́? Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Ògúnlọlá ọdẹ gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da àwọn ènìyàn Aláàfin láàmú, ó sì gbé orí náà lọ sí ààfin. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló súnkì di Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lè ní oyè ni Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, kì í ṣe orúkọ àbísọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ènìyàn kan pàtó ló ni orí tó lọ. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí wọ́n gé lórí ni orúkọ rẹ̀ wà lára ìlú títí dòní. Ti ẹni tó gé e kò sí níbẹ̀ rárá.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ewé kan. Àdá bù mí lẹ́sẹ̀ lóko nígbà tí mo ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin já ewé mẹ́ta mẹ́rin létí ebè, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ rún un títí omi rẹ̀ fi ń kán, wọ́n fún un sójú ọgbẹ́. Ó ta mí bí ata. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ewé Akíntọ́lá ni wọ́n pè é.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irúgbìn náà ti ṣẹ̀, ó kàn wá gba oko wa ni. Àwọn mìíràn máa ń pe orúkọ rẹ̀ tán: Akíntọ́lá-takú. Ẹ bẹ́ ẹ, ẹ sun ún, bí òjò bá ti rọ̀ á tún rú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ní oṣù Èbìbí 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tó jẹ́ gómìnà yọ ọ́ kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì kọ̀, kò lọ. Níbòmíràn, Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pe irúgbìn kan náà. Ìjà àwọn méjèèjì dé inú igbó, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá wá ṣẹ̀dá "ewé adẹ́jẹ̀dúró" láti rọ́pò rẹ̀, gbogbo èyí lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fi "takú" kún un rí. Ẹ̀yìn Akíntọ́lá ni wọ́n wà. Ní ti èyí, mi ò tíì lè fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́: orúkọ kan náà ló wà lẹ́nu géètì Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, a sì ṣì ń rí ènìyàn nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé oko lápá Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ẹ bá mi bi àwọn àgbà: ta ni wọ́n fi ń pe ewé náà, Akíntọ́lá ni àbí Awólọ́wọ̀? Ṣé wọ́n ń fi "takú" kún un?