Bí iná, ọ̀nà tàbí dókítà kò bá sí, báwo ni ilé ìwòsàn ẹran yín ṣe ń rìn?

Dókítà Ẹran, Kàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará. Àwa tí a ń tọ́jú ẹran ní Kàbbà, Ìjùmú, Mọpà àti Yàgbà, a mọ oògùn, a mọ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá dédé dá iṣẹ́ dúró, kí la ti pèsè sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Àsìkò ọyẹ́ ni tiransifọ́mà àdúgbò wa jó, ìgbà tí lúkúlúkú máa ń pa adìẹ jù lọ. Fíríìjì mi kún fún LaSota, àjẹsára lúkúlúkú. Ẹ mọ̀ pé láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú àjẹsára yìí sí. Bí ooru bá sì ti bà á jẹ́, ojú lásán kò lè mọ̀. Ìgò á ṣì mọ́ rekete, ó di ìgbà tí adìẹ bá ń kú kí a tó mọ̀ pé omi lásán la fún wọn.

Ohun tó gbà mí ni àdéhùn tí mo ti bá ìyá eléja yìnyín kan ṣe tipẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tiwọn kì í sinmi, torí ẹja kò gbọdọ̀ rà. Àwọn ń fún mi ní yìnyín fún kúlà, èmi ń tọ́jú ajá wọn láì gbowó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: n kò kó àjẹsára sínú fíríìsà ẹja. Yàtọ̀ sí ìdọ̀tí, àjẹsára dìgbòlugi kò gbọdọ̀ di yìnyín rárá, bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwé ìròyìn ni mo fi ń wé yìnyín kó má baà kan ìgò, mo sì fi tẹmómítà sínú kúlà. Ọmọ iṣẹ́ ń kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí ìwé bá fi hàn pé ooru ti mú, a kì í tà á. Ó máa ń dùn mí wọ egungun, àmọ́ ó sàn ju kí olóko kan wá bá mi fa ọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo ra sólà, fún fíríìjì nìkan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló fẹ́ máa fi bẹntiróòlù tọ́jú ìgò àjẹsára? Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká sólà, tó jẹ́ pé adìẹ ìbílẹ̀ ló ń fún ní àjẹsára jù, kó béèrè I-2, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn, láti ọ̀dọ̀ NVRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos. Ó ń fara da ooru ju LaSota lọ. Ìyẹn ò ní kó o wá gbé e sínú oòrùn ṣá.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, Lọ́kọ́jà

Dókítà, iná ni tiyín, omi ni tiwa. Ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé la ń gbé, ojú wa rí ti 2012, ó tún rí ti 2022. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi bo títì Abuja ní ìhà Koton Karfe, tánkà epo tò lọ bí ìjàlọ. Abuja sì ni oògùn wa ti ń wá.

Ọ̀gá mi ti ní oníoògùn kejì ní Ìlọrin. Nígbà tí nǹkan ṣì dára ni wọ́n ti máa ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni náà, bó tilẹ̀ wọ́n ju ti Abuja. Mo máa ń kùn sí i nígbà yẹn, mo ní kí ni a ń ná owó sí? Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá lóhùn. Oògùn gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbbà wá bá wa nínú ọkọ̀ èrò. Owó ọkọ̀ ga, ṣùgbọ́n a kò ti ilẹ̀kùn.

Ti ajá tí wọ́n fi sọ́dọ̀ wa ni kí ẹ gbọ́. Àjọ NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ omi odò, máa ń kéde lọ́dọọdún ibi tí omi lè dé. Bí ìkéde bá ti kan Lọ́kọ́jà, a kì í gba ajá sílé mọ́ ní àsìkò náà, a sì ń kó àwọn tó wà nílẹ̀ lọ sí ilé ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi lókè. Àwọn olówó ajá a máa bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Nígbà tí omi bá fà tán ni iṣẹ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, torí leptospirosis, àrùn tí ìtọ̀ eku àti ẹran ń kó sínú omi, máa ń bá irú omi bẹ́ẹ̀ rìn, ó sì ń ran ènìyàn.

Àgbẹ̀ Adìẹ, Ìyàrà

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà náà fọhùn. Dókítà tó ń wo adìẹ mi ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, fóònù kú. Ẹyin ń dínkù lójoojúmọ́. Mo pe dókítà mìíràn, ó béèrè pé àjẹsára wo ni adìẹ gbà kẹ́yìn àti ọjọ́ wo. Inú ìwé dókítà wa ló wà, ìwé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún wa ní káàdì tiwa.

Ọmọ Iṣẹ́, Ìsánlú

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Lọ́dọ̀ wa, ìwé méjì la ń kọ, ọ̀kan fún olóko. Mo sì máa ń ya àwòrán rẹ́jísítà sórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé.

Ìgbà tí owó náírà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 lèmi rí ìdánwò. Àwọn Fúlàní tó ń kó màlúù wá kò ní báǹkì, POS náà kò rí owó fún wọn. Ọ̀gá ní a kò gbọdọ̀ lé wọn. A kọ gbèsè sílẹ̀, orúkọ àti ti ẹni tó dúró fún wọn. Àwọn mìíràn fi wàrà san díẹ̀ nínú rẹ̀, a jẹ wàrà títí ó fi sú wa! Wọ́n san èyí tó pọ̀ jù nígbà tí owó padà.

Ohun tó le jù ni pé èmi kò ní ìwé àṣẹ VCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ẹran ní àṣẹ iṣẹ́, n kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ewúrẹ́ bá dé tí ọmọ há sí i nínú, tí ọ̀gá sì wà ní ìrìn àjò ńkọ́? A kì í sì rin ọ̀nà lálẹ́ mọ́ nítorí ajínigbé. Ọ̀gá ti bá dókítà kan ní Mọpà sọ ọ́: bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì ń wá ní ọ̀sán, mo sì ń pè é lórí fóònù lálẹ́ kó sọ ohun tí mo lè ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Dókítà Ẹran, Kàbbà

Bàbá Ìyàrà, káàdì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, màá fún gbogbo olóko mi. Ọmọ Ìsánlú, báwo ni àwọn méjèèjì ṣe ń pín owó? Ibẹ̀ ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ sí.

Ọmọ Iṣẹ́, Ìsánlú

Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ló ni owó iṣẹ́ abẹ, mà. Tiwa ni owó oògùn àti ìtọ́jú lẹ́yìn náà. Owó epo rẹ̀ la ń kọ́kọ́ yọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ wa.